Ṣé òwò ẹrú ló sọ wá di Yorùbá?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi lọ́sẹ̀ yìí nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ Iléṣà ni mí, London ni èmi, ọkọ mi àti ọmọ wa ń gbé. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi, tí òun náà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, sọ fún mi pé kò sí ohun tó ń jẹ́ Yorùbá kí òyìnbó tó dé. Ó ní àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sàró (Sierra Leone) ló ṣẹ̀dá orúkọ náà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, n kò sì rí èsì fọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Bí ó bá jẹ́ òótọ́, ṣé ó yẹ ká máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òwò ẹrú nìyẹn? Ilé-ìwé ọmọ mi tún ní kí n kọ èdè àti ẹ̀yà wa sínú fọ́ọ̀mù. N kò mọ̀ bóyá Ìjẹ̀ṣà ni kí n kọ tàbí Yorùbá.”

Ọmọ mi, mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé kálàmù, nítorí pé ohun mẹ́ta ni o so pọ̀ mọ́ ara wọn: orúkọ wa, àwa tí à ń jẹ́ orúkọ náà, àti ọ̀rọ̀ ọpẹ́. Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò parọ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ òótọ́ tán. Ó gbọ́ ìdajì ìtàn kan tí àwa tí a fi ẹ̀kọ́ ìtàn ṣe iṣẹ́ máa ń sọ, ó sì fi ìdajì náà bà ọ́ lọ́kàn jẹ́. Ìdajì tó kù ni mo fẹ́ sọ fún ọ, kò sì dùn tán láti gbọ́.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Kì í ṣe òyìnbó ló fún wa. Ní ọdún 1615, Ahmad Baba, àgbà onímọ̀ Ìsìláàmù kan ní ìlú Timbuktu, kọ ìwé kan láti fi dáhùn ìbéèrè nípa irú ẹni tí òfin ẹ̀sìn rẹ̀ gbà kí wọ́n mú lẹ́rú àti irú ẹni tí kò gbà. Orúkọ Yorùbá wà nínú ìwé náà, láàárín àwọn ẹ̀yà tí ó kà sí aláìgbàgbọ́. Ó ju igba ọdún lọ lẹ́yìn náà kí míṣọ́nnárì kankan tó kọ orúkọ yìí sórí ìwé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹrú ló gbé e dé inú ìwé láti ìgbà náà. Muhammad Bello ti Sókótó dárúkọ rẹ̀ ní nǹkan bí 1812, Hugh Clapperton tó dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826 náà sì lò ó. Ṣùgbọ́n ará Ọ̀yọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń pè bẹ́ẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ń jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, Ẹ̀gbá ń jẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó ń jẹ́ orúkọ tiwọn. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, mo máa ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé kí wọ́n lọ bi àwọn àgbà ilé wọn pé ta ni wọ́n ń pè ní Yorùbá nígbà èwe wọn. Èsì tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú àti Èkìtì sábà máa ń mú bọ̀ ni pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ni.

Ẹ̀wẹ̀, bí a kò bá ní orúkọ kan ṣoṣo, ìyẹn kò sọ pé a kì í ṣe ìbátan. Babaláwo Ìjẹ̀ṣà àti babaláwo Ìjẹ̀bú ń ki odù Ifá kan náà, àwọn ọba wọn ń tọpa ìran wọn dé Ilé-Ifẹ̀, ẹni tó bá sì ru ẹrù láti Iléṣà wá sí ọjà Ìkòròdú lè ná ọjà láìwá ògbufọ̀. Ohun tí kò sí ni orúkọ tí gbogbo wọn lè dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣeé ṣe kí a má nílò rẹ̀ rárá nígbà náà, nítorí pé ẹni tí kò kúrò nílé kì í sábà bi ara rẹ̀ pé irú ẹni wo ni òun.

Ogun ló mú wa kúrò nílé. Láti nǹkan bí 1817, tí Àfọ̀njá kẹ̀yìn sí Aláàfin ní Ìlọrin, ni ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Òwu tú, àwọn ìlú Ẹ̀gbá tú tẹ̀ lé e, ẹni tí ogun lé lónìí sì lè di ajagun tí ń lé ẹlòmíràn lọ́la. Àwọn tí wọ́n bá mú ni wọ́n ń tà sí etíkun, ní Èkó, ní Àgbádárìgì àti ní Àjàṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí àwọn ènìyàn kì í sábà kíyè sí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ní 1807, àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀ sì ń ṣọ́ etíkun láti mú ọkọ̀ tó bá kó ẹrú. Òwò náà kò dúró, nítorí pé oko ìrèké ní Bahia ní Brazil àti ní Kúbà ṣì ń béèrè ènìyàn, àwọn ará Pọtogí, Brazil àti Spéìnì sì ń rà. Lẹ́yìn tí òfin ti jáde gan-an ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ká ní Ọ̀yọ́ ti fọ́ ní àádọ́ta ọdún ṣáájú ni, kò ní sí ọkọ̀ ogun kankan lójú omi tí yóò dá ọkọ̀ ẹrú padà, àwọn tí mo fẹ́ sọ ìtàn wọn yìí ì bá sì ti kú sí oko ìrèké láìsí ẹni tí yóò gbọ́ orúkọ wọn.

Wo Àjàyí, ọmọ ìlú Òṣogùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní 1821, nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá, wọ́n ń tọ́jú oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́ nínú ilé wọn nígbà tí ariwo sọ pé ogun ti dé. Àwọn Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí láti Ọ̀yọ́ ló kógun náà wá. Wọ́n mú Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀, wọ́n ju okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì ń wọ́ wọn lọ. Kí ọdún kan àti díẹ̀ tó kọjá, wọ́n ti fi ọmọ yìí gba ẹṣin, wọ́n ti fi gba tábà àti ọtí líle, títí tí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn ará Pọtogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú ọkọ̀ náà lójú omi. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ nínú lẹ́tà kan ní 1837 pé nígbà tí àwọn dé orí ọkọ̀ ogun náà, àwọn rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so kọ́, tí awọ rẹ̀ funfun, àti ọta àgbá tí wọ́n tò sílẹ̀. Àwọn rò pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ àwọn ni wọ́n so kọ́ yẹn, pé orí wọn sì ni ọta wọ̀nyẹn. Mo ti ka lẹ́tà náà fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àìmọye ìgbà, ibẹ̀ ni kíláàsì sì máa ń pa lọ́lọ́. Inú ẹ̀rù ni ọmọ náà wà nígbà tí àwọn ènìyàn ń gbà á sílẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1825, wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní Freetown, ìlú Sàró tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn tí wọ́n gbà nínú ọkọ̀ ẹrú lọ, ó sì ti ń jẹ́ Samuel Crowther.

Ní Freetown àti ní àwọn abúlé ìtòsí rẹ̀ bíi Hastings àti Waterloo, Ẹ̀gbá bá ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òwu. Ó lè jẹ́ pé ìlú ẹni kìíní ló kó ìlú ẹni kejì lẹ́rú. Ṣùgbọ́n àwọn Ìgbò, Haúsá, Mende àti àwọn tó ti Kóńgò wá ló yí wọn ká, ẹni tó bá sì lè dá ọ lóhùn láàárín irú èrò bẹ́ẹ̀ nígbà tí o bá sọ pé “ẹ kú àárọ̀”, ará ilé rẹ ni, ibikíbi tí ì báà ti wá. Àwọn aládùúgbò gbọ́ “ẹ kú” àti “a kú” lẹ́nu wọn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ gbogbo wọn ní Aku. Wò ó bí ó ti rí, ọmọ mi: ìkíni wa ni orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi pe gbogbo wa pọ̀ níbẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni jókòó láti ṣe ìwé.

Ìwé ló gbé Yorùbá borí Aku. Àwọn míṣọ́nnárì fẹ́ wàásù, wọn kò sì lè tẹ ìwé ní èdè mẹ́wàá. Crowther ti agbègbè Ọ̀yọ́ wá, ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ibòmíràn sì gbọ́ ohùn Ọ̀yọ́, nítorí náà nígbà tí ó tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1843, Yorùbá ni ó pe èdè náà. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fara mọ́ ọn. Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Freetown, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1854 pé àṣìṣe ni láti fi orúkọ ẹ̀yà kan pe gbogbo àwọn Aku. Bí o bá ní ìdààmú lónìí pé Ìjẹ̀ṣà ni ọ́, wọ́n ti ro ẹjọ́ yẹn fún ọ láti bí 170 ọdún sẹ́yìn. Koelle ló jẹ̀bi ẹjọ́ náà níkẹyìn, kì í ṣe pé àlàyé rẹ̀ kò múná dóko, bí kò ṣe pé ìwé ti wà nílẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ti ń kà á.

Mo fẹ́ kí o dúró díẹ̀ lórí Bíbélì tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, èyí tí apá àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1850, tí odindi rẹ̀ sì parí ní 1884. Ṣí i níbikíbi, wàá rí àlùfáà, wòlíì, àdúrà, ìwàásù àti kèfèrí níbẹ̀. Inú èdè Lárúbáwá ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wá, ẹnu àwọn Mùsùlùmí ló sì mú wọn dé ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ajagun Mùsùlùmí ló ju okùn sọ́rùn Àjàyí ní Òṣogùn, ọ̀rọ̀ ẹnu Mùsùlùmí sì ni Àjàyí fi túmọ̀ ìwé mímọ́ àwọn Kristẹni, nítorí pé òun ni àwọn ará ilé rẹ̀ ti mọ̀ fún ẹ̀sìn tó ní ìwé. Nǹkan wọ̀nyí kò rí bí ẹnikẹ́ni ti rò ó tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpalára wà nínú iṣẹ́ yẹn pẹ̀lú, n kò sì ní fi í pa mọ́ fún ọ. Nígbà tí àwọn atúmọ̀ dé orí ọ̀rọ̀ tí ń tọ́ka sí ọ̀tá Ọlọ́run, Èṣù ni wọ́n fi sí i: Èṣù tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, tí ń ṣọ́ oríta àti ọjà. Láti ìgbà náà ni ọmọ Yorùbá, Kristẹni àti Mùsùlùmí, ti ń fi orúkọ òrìṣà àwọn baba rẹ̀ bú ènìyàn láìmọ ohun tó ń sọ. Mo gbà pé ohun tó dára ni wọ́n fẹ́ ṣe, ó sì dùn mí dọ́ba pé ibi tó já sí nìyẹn.

Láti ìparí àwọn ọdún 1830 ni àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Freetown, ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Ní 1846, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn òwúrọ̀ Òṣogùn, Crowther rí ìyá rẹ̀ Àfàlà ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n má ṣe rò pé orúkọ tuntun tí wọ́n mú bọ̀ tan ìjà nílé. Wo ìran tìrẹ gan-an. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó, tí àwọn kan nínú wọn ti oko ẹrú bọ̀, dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun láti bá Ìbàdàn jà. Ẹ̀kọ́ àti owó tí wọ́n rí ní ìgbèkùn ni wọ́n fi ra ìbọn náà. Ìgbèkùn kan náà ló sì bí àwọn onílàjà, nítorí pé Samuel Johnson, tí wọ́n bí ní Hastings ní 1846, wà lára àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó dé ibùdó títí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé ní 1886. Ibùdó ogun kò tú tán títí di 1893 tí Carter, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó, gòkè wá, àlàáfíà tí wọ́n ń wá sì bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wọlé.

Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò tún mọ ohun tó mú kí orúkọ náà ta gbòǹgbò lọ́kàn àwọn ènìyàn. Ẹ̀gàn ni. Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ṣùgbọ́n nígbà tó di 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó ti fi ìwọ̀sí gba iṣẹ́ rẹ̀ ní Odò Ọya mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì kú ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó tí wọ́n ti ń wọ kóòtù, tí wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ òyìnbó, rí i pé kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣe é tí wọn yóò fi gbà wọ́n bí ènìyàn. David Brown Vincent, ọ̀kan lára àwọn tó dá ìjọ Onítẹ̀bọmi tí kò sí lábẹ́ òyìnbó sílẹ̀ ní 1888, sọ ara rẹ̀ di Mojola Agbebi, ó sì bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀ fún agbádá. Àwọn tí wọ́n ti fẹ́ sọ di òyìnbó dúdú ni wọ́n fi ẹ̀gàn lé padà wá di Yorùbá. Kì í sì í ṣe Kristẹni nìkan. Mohammed Shitta Bey, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Waterloo, kọ́ mọ́sálásí tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1894, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil bọ̀, wà lára àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ tó kọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé míṣọ́nnárì nìkan ló dá wa, mú un lọ wo mọ́sálásí náà.

Àwọn tí ọkọ̀ ogun kò rí dá padà náà kò parun. Ní Kúbà wọ́n ń jẹ́ Lukumí, ní Brazil Nàgó. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí Nàgó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dìde ogun sí àwọn olówó ẹrú ní Salvador, olú ìlú Bahia. Ìjọba borí wọn, ó pa nínú wọn, ẹ̀rù sì bà á tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lé àwọn mìíràn padà sí Áfíríkà, ohun tí àwọn ẹlòmíràn sì ti ń fi owó ara wọn wá kiri nìyẹn. Ní 1886, Dàhòmì kó Kétu, ó sì sọ ọ́ di ahoro. Ní Bahia, orúkọ Kétu kò kúrò lẹ́nu àwọn olórìṣà títí di òní olónìí.

Ṣé ká wá dúpẹ́ ni? Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ fún ọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òwe náà dára fún ilé tí ènìyàn kò sí nínú rẹ̀ nígbà tó jó. Ilé tiwa yìí, ènìyàn wà nínú rẹ̀. Fún Àjàyí kan tó dé Freetown, àwọn púpọ̀ kú sójú ọ̀nà oko, sínú àgọ́ etíkun àti sínú ọkọ̀, kò sì sí ẹni tó kọ lẹ́tà fún wọn. Òwò ẹrú kò fẹ́ kí a jẹ́ ẹ̀yà kan; ohun tí ó fẹ́ ni kí a gbàgbé ibi tí a ti wá kí iṣẹ́ oko lè yá. Pé a kò gbàgbé, iṣẹ́ àwọn tí wọ́n kó lọ ni. Wọ́n kí ara wọn ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n dá ẹgbẹ́ ìsìnkú àti ẹgbẹ́ ìrànwọ́ sílẹ̀, wọ́n kọ ìwé, wọ́n sì wá ọkọ̀ padà sílé. Bí a óò bá dúpẹ́, àwọn gan-an ni kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ká má sì ṣe fún olówó wọn nínú rẹ̀.

Ibi tí ìmọ̀ mi mọ náà wà. Ìtàn lè sọ bí orúkọ kan ti rìn dé ọ̀dọ̀ wa; kò lè sọ bí ì bá ti rí ká ní ogun kò jà, ẹni tó bá sì ní òun mọ̀ ọ́n, àfojúsùn tirẹ̀ ló ń sọ. Bákan náà, àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́, Ìdàáṣà àti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, àti àwọn Ifẹ̀ ní Togo, ní orúkọ tiwọn tí wọ́n ń jẹ́, tí wọ́n sì nífẹ̀ẹ́ sí, kò sì yẹ kí a fi agbára pè wọ́n ní ohun tí wọn kò pe ara wọn. Ohùn Ìjẹ̀ṣà gan-an kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè nínú ìwé, nítorí pé ohùn Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ló kọ́kọ́ dé ilé ìtẹ̀wé. Àdánù tòótọ́ nìyẹn. Bí ìyá rẹ bá ṣì wà láyé, ní kí ó máa fi ohùn Iléṣà bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò ní dí Yorùbá tí ó ń kà nínú ìwé lọ́wọ́.

Ní ti fọ́ọ̀mù, kọ Yorùbá sí ibi èdè, kí o kọ Yorùbá sí ibi ẹ̀yà pẹ̀lú, láìbẹ̀rù pé irọ́ ni. Bí àyè bá wà fún ìlú àwọn òbí, kọ Iléṣà síbẹ̀, kí o sì rí i pé wọn kò yọ àmì abẹ́ ṣ kúrò. Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti ń lo àmì náà láti àwọn ọdún 1850, ìpàdé tí òun fúnra rẹ̀ darí ní Èkó ní oṣù kìíní ọdún 1875 ló sì fìdí ọ̀nà ìkọ̀wé tí à ń lò múlẹ̀.